Ẹ Gbé Ọ̀dà Yín Kúrò Níbẹ̀

A kò ní kùn ún. Ẹ jẹ́ ká ti sọ ìyẹn ná kí ọ̀rọ̀ tó gùn. Àwọn ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú irin kékeré tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa méjì kó ránṣẹ́ sí wa láti ìlú Ọba, a ti tún wọn ṣe dé ibi tí agbára wa mọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti ń sáré, ṣùgbọ́n a kò ní fọ́n ọ̀dà tuntun sí wọn lára. Láti ọjọ́ tí àwòrán wọn ti dé ọwọ́ yín ni ọ̀rọ̀ ti ń wọlé fún wa lọ́tùn-ún lósì. Ẹ̀gbọ́n kan ní àwọn ọkọ̀ náà rí bí ohun tí wọ́n hú jáde nínú ilẹ̀. Òmíràn ní ṣé owó ọ̀dà ni kò sí ni, kí òun fi ránṣẹ́. Ojúgbà wa kan, tí a jọ ń jókòó nínú kíláàsì kan náà, tilẹ̀ ní ọ̀lẹ ni wá: ó ní ẹni tó tún ọkọ̀ ṣe tí kò kùn ún, bí ẹni tó wẹ̀ tí kò para ló rí.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí, òun gan-an ló sì ń ba nǹkan jẹ́. Nítorí náà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin ojúgbà, ẹ fún wa láyè ká fèsì.

Fún ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn: ọkọ̀ ojú irin kékeré tí a ń wí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà fún ọmọdé lójú pópó, tí bátìrì rẹ̀ yóò kú kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ẹ̀dà ọkọ̀ gidi ni, tí wọ́n fi ìwọ̀n dín kù. Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni èyí tí wọ́n ń pè ní OO: ẹsẹ̀ bàtà kan lára ọkọ̀ gidi di mìlímítà 4 lára èyí tí a ń gbé lọ́wọ́. Frank Hornby ará Liverpool, ẹni tó dá Meccano sílẹ̀, ni orúkọ rẹ̀ gbilẹ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ọdún 1920 ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọkọ̀ ojú irin. Àwọn ti ìgbà náà tóbi, sípíríìnì tí a ń ká bí ti aago ló sì ń wà wọ́n. Ó kú ní 1936. Ní 1938 ni ilé iṣẹ́ náà gbé Hornby Dublo jáde, tó kéré níwọ̀n, tí iná mànàmáná ń wà, tí ara ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ irin tí wọ́n yọ́ dà sínú mọ́ọ̀dì. Lẹ́yìn ogun, Tri-ang dé, ike ni wọ́n fi ń ṣe ara tiwọn, owó rẹ̀ sì wálẹ̀ dé ibi tí òṣìṣẹ́ lásán lè rà á fún ọmọ rẹ̀. Ní 1964 àwọn tó ni Tri-ang gba ilé iṣẹ́ Meccano, orúkọ méjèèjì sì para pọ̀. Margate, létí òkun, ni ọ̀pọ̀ èyí tó wà lọ́wọ́ wa ti jáde, kí wọ́n tó kó iṣẹ́ náà lọ sí Ṣáínà ní àwọn ọdún 1990.

Báwo ni wọ́n ṣe dé ọwọ́ wa? Níbẹ̀ lọ́hùn-ún, bí bàbá àgbà bá kú, àwọn ọmọ a palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, a kó páálí kan lọ sí ilé ìtajà àwọn aláàánú, tàbí kí wọ́n lọ tà á láàárọ̀ ọjọ́ Sunday ní ọjà tí olúkúlùkù ti ń ṣí bọ́ọ̀tù ọkọ̀ rẹ̀, tó ń pàtẹ. Ibẹ̀ ni àwọn ẹ̀gbọ́n wa ti rà wọ́n. Èyí tí kò bá rìn mọ́ kì í wọ́n, torí ẹni tó ń tà á kò gbà pé ó lè rìn.

Ó sì lè rìn! Èyí gan-an ló mú wa nífẹ̀ẹ́ sí iṣẹ́ yìí. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ wọ̀nyí rò ó pé ẹnìkan yóò tú u lọ́jọ́ kan. Ẹ mú mọ́tò X04 tí Tri-ang ń fi sínú tiwọn. (Mọ́tò tí a ń wí yìí kì í ṣe ti ojú títì o, irú èyí tó ń yí fáànù ni.) Gbogbo rẹ̀ ló wà ní gbangba: òòfà kan, kọ́ìlì tí wọ́n wé mọ́ irin tó ń yí, àti káábọ̀n kéékèèké méjì tó ń gbé iná wọ inú rẹ̀. Sípíríìnì kan ṣoṣo ló ń ti káábọ̀n méjèèjì. Wọ́n fi awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan bo apá kan sípíríìnì náà kí iná apá kejì má baà pàdé rẹ̀. Bí awọ yẹn bá bọ́, ọkọ̀ kò ní mira, ẹni tí kò mọ̀ yóò sì ní mọ́tò ti jóná, yóò sọ ọ́ nù. Awọ wáyà tí kò tó ìdajì ìka ni a fi dípò rẹ̀, ọkọ̀ sì gbéra.

Ọ̀pọ̀ tó dé ọwọ́ wa, òróró ló pa wọ́n. Ẹni tó ni wọ́n kán òróró sí i ní ìgbà èwe rẹ̀, ó gbé e sórí àjà, òróró gbẹ, ó di bí oje igi. Sípíríìtì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó la fi ń fọ ìyẹn kúrò lára eyín àti ọ̀pá. Lẹ́yìn náà ni òróró tí àwọn télọ̀ ń kán sí máṣíìnì, ẹ̀kán kan péré ní orí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá pọ̀ jù, yóò ṣàn dé ibi káábọ̀n, yóò pò mọ́ eruku rẹ̀, wàhálà mìíràn nìyẹn. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà ń fẹ́ fífọ̀, torí láti ara irin ojú ọ̀nà ni iná ti ń gba ẹsẹ̀ wọlé. Ìdọ̀tí dúdú tó bá lẹ̀ mọ́ ọn ló ń mú kí ọkọ̀ máa sún tìkọ̀tìkọ̀. Àwọn ẹ́ńjìnnì kan ní rọ́bà tín-ín-rín tí wọ́n fi we ẹsẹ̀ wọn kó lè di ojú irin mú, rọ́bà náà a sì gbẹ, a gé. Òòfà àtijọ́ tún ní ìwà tirẹ̀: bí a bá kàn fa irin tó ń yí jáde láàárín rẹ̀ láìfi irin mìíràn dípò, agbára rẹ̀ yóò dín kù. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Fóòtì 12 ni gbogbo wọn ń lò. Ẹ kò rí i bí ó ṣe bá wa mu? Fóòtì 12 náà ni bátìrì ọ̀kadà. Bí NEPA bá mú iná lọ nígbà tí ọkọ̀ wà láàárín ọ̀nà, a ó gbé wáyà sórí bátìrì, a ó fi fíúsì sí i láàárín (ẹni tí kò bá fi fíúsì sí i yóò jó kọ́ìlì rẹ̀ ni), ọkọ̀ yóò sì máa lọ. Àwọn tó ń ṣe eré yìí ní Liverpool kò ní ìdí láti ronú irú ìyẹn.

Ẹ wá wo gbogbo iṣẹ́ tí a kà sílẹ̀ wọ̀nyí. Èwo ló kan ọ̀dà níbẹ̀?

Ohun tí ẹ̀yin tó ń bínú sí wa kò fẹ́ gbọ́ nìyí. Àtúnṣe ni ohun tí a ṣe sí ara ẹ̀rọ kí ó lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀dà jẹ́ ohun tí a fi ń bo ojú ẹni tó ń wò. Ta ni nínú wa tí kò mọ ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí wọ́n fọ́n lọ́dà láàárọ̀, tó ń dán bí ojú dígí, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì kọṣẹ́ kó tó dé ilé ẹni tó rà á? Bí ọkọ̀ bá ń sáré dáadáa pẹ̀lú ara gbígbó, ẹ ó mọ̀ pé inú rẹ̀ ni a ṣiṣẹ́ lé lórí. Bó bá jẹ́ pé ara ló ń dán, ẹ kò tíì mọ nǹkan kan.

A kò sọ pé kí ìdọ̀tí máa wà lára rẹ̀ o. A ń fọ̀ ọ́: omi tó lọ́wọ́ọ́rọ́ díẹ̀, ọṣẹ ìfọwọ́ díẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀, ó tán. A kì í fi sípíríìtì kan ibi tí nọ́ńbà àti ilà wúrà wà, nítorí yóò kó wọn lọ. Tíńnà ńkọ́? Ẹni tó bá gbé tíńnà sún mọ́ ike Tri-ang, ẹ gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀ kíákíá, torí yóò yọ́ bí àdídùn inú oòrùn.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan nínú wọn. Ẹ́ńjìnnì dúdú kékeré kan wà níbẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ 6, tí Tri-ang ṣe. Òun ni ọ̀pọ̀ yín tọ́ka sí pé ó ṣì tó bẹ́ẹ̀ tó fi yẹ ká kùn ún. Ẹ gbọ́: dúdú ara rẹ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀dà rárá. Ike náà fúnra rẹ̀ ló dúdú láti ilé iṣẹ́, bó ṣe jáde nínú mọ́ọ̀dì nìyẹn. Ẹni tó bá fọ́n ọ̀dà dúdú sí i, tó ní òun ti dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ohun tí kò sí lára rẹ̀ rí ló fi sí i. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì pẹ̀lú. Nọ́ńbà ti parẹ́ tán níbi kan náà lọ́tùn-ún àti lósì, níbi tí àtàǹpàkò àti ìka ọmọdé ti ń gbá a mú gbé e sórí irin. Lábẹ́ rẹ̀, ẹnìkan fi ìṣó ha lẹ́tà méjì àti ọdún 1961. Ọmọ yẹn, bó bá wà láyé, yóò ti di arúgbó báyìí. Kí ni ẹ fẹ́ ká ṣe sí ìka rẹ̀ tó wà níbẹ̀? Ká fi pọ́tì dí i, ká fi sáńpépà ha á, ká fọ́n ọ̀dà bò ó?

Ẹ̀yin tí a jọ ń ka Yorùbá, ẹ̀yin gan-an la bá wí jù, torí ẹ mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá gba ohùn ìyá àgbà kan sílẹ̀ ní Èkìtì tàbí Ìjẹ̀ṣà, tí a wá ń kọ ọ́ sínú ìwé, ṣé a máa ń tún ẹnu rẹ̀ ṣe fún un? Bó bá sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lábúlé rẹ̀, ṣé a ó yí i sí Yorùbá inú ìwé ìròyìn kó lè dán? Ẹni tó bá dán an wò nínú kíláàsì wa, ẹ mọ bí máàkì rẹ̀ ṣe máa ń rí. Ibi tí ohùn rẹ̀ ti há, a ó kọ ọ́ pé ó há. Ibi tó gbàgbé, a ó fi àmì síbẹ̀. Ìlànà tí ẹ gbà lórí ẹnu ìyá àgbà, kí ló dé tí ẹ fi gbà pé kò kan ohun tí ọwọ́ ṣe?

Tí ìyẹn kò bá sì tó, ẹ wo ère ìbejì. Èyí tó pẹ́ nínú wọn, ojú àti imú rẹ̀ máa ń dán, nígbà mìíràn wọn a fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́, nítorí pé ìyá ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fún un lóúnjẹ, ó ń fi osùn pa á lára. Ẹni tó bá gbé ọ̀bẹ láti gbẹ́ imú tuntun fún irú ère bẹ́ẹ̀, tó tún wá fi ọ̀dà ilé kùn ún, ọdún gbogbo tí ìyá yẹn fi gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra ló pa rẹ́ nídàájí wákàtí kan. Ẹnikẹ́ni nínú yín kò ní gbà á lórí ère ìbejì. Àbí torí pé ọmọ òyìnbó ló fi ọwọ́ pa ti ibí yìí ni?

Ẹ̀gbọ́n kan mú Flying Scotsman wá bí ẹ̀rí. Ó ní ṣebí òyìnbó fúnra wọn kun ọkọ̀ gidi yẹn. Òótọ́ ni. Doncaster ni wọ́n ti ṣe é, ó jáde ní 1923. Ilé àkójọ ọkọ̀ ojú irin ti orílẹ̀-èdè wọn rà á ní 2004, wọ́n tú u, wọ́n tún un tò, ó sì padà sójú irin ní 2016 pẹ̀lú ọ̀dà tuntun. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ ni. Iná àti omi gbígbóná ń jẹ ẹ́ lára, wọ́n ti kùn ún lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà tó ti ń kó èrò, àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ mìíràn sì ti yí padà. Síbẹ̀, ẹ mọ̀ pé wọ́n jiyàn lórí àwọ̀ tí wọn yóò kùn ún? Àwọn kan fẹ́ àwọ̀ ewé tó mọ́lẹ̀ tó lò lábẹ́ ilé iṣẹ́ LNER; èyí tó ṣókùnkùn, ti ìgbà tó di ti ìjọba, ni wọ́n fi jáde. Wọ́n jiyàn nítorí wọ́n mọ̀ pé bí a bá yan àwọ̀ kan, ọjọ́ orí kan la yàn fún un, a sì ti gbé àwọn yòókù tì. Ẹ̀yin tí ẹ ní ká kàn fọ́n gríìnì sí gbogbo rẹ̀, àní àwọn tí wọn kò ṣe ní gríìnì rí, ẹ kò tíì jiyàn kankan.

Ti owó ńkọ́? Àwọn kan rò pé ọ̀dà tuntun yóò gbé owó lé e. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi tí ọjà rẹ̀ wà, òdìkejì ni. Hornby Dublo tó ṣì wọ ọ̀dà ilé iṣẹ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ ha díẹ̀, tó tún wà nínú páálí rẹ̀, ni àwọn tó ń kó wọn jọ ń lé kiri. Èyí tí wọ́n tún kùn, owó rẹ̀ wálẹ̀ ni, àyàfi tí ẹni tó ń tà á bá purọ́ pé ọ̀dà àkọ́kọ́ nìyẹn. Irọ́ yẹn ló sì mú kí inú bí wa sí ọ̀rọ̀ yìí jù. Ọ̀dà rere lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n kùn kò yàtọ̀ sí jìbìtì bí kò bá sọ ohun tó ṣe. Nítorí náà, ìlànà wa rèé: bó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ti ba ara ọkọ̀ jẹ́ kó tó dé ọwọ́ wa (ọ̀kan wà tí ẹnìkan fi ọ̀dà ilẹ̀kùn kùn, ó nípọn bí èérún iṣu), a lè ṣí ọ̀dà burúkú náà kúrò, ká sì kùn ún. Ṣùgbọ́n a ó kọ ọ́ sí inú rẹ̀, lábẹ́ òrùlé, pé àwa la kùn ún, àti ọdún tí a kùn ún. Ẹni tó bá ṣí i lẹ́yìn 50 ọdún kò ní jẹ irọ́ wa.

Àwọn àìsàn kan sì wà tí ọ̀dà kò lè bò. Ike tí Tri-ang kọ́kọ́ lò máa ń wọ́, ọkọ̀ á tẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Èyí tó burú jù ni ti síǹkì. Ibi tí òjé tàbí ìdọ̀tí mìíràn bá ti wọnú síǹkì tí wọ́n yọ́, irin náà yóò máa jẹ ara rẹ̀ láti inú lọ́dún dé ọdún, yóò wú, yóò sán, yóò sì wó bí àkàrà gbígbẹ. Kò lóògùn. Ọ̀kan nínú àwọn tó dé ọwọ́ wa ní àìsàn yìí. A yọ mọ́tò àti ẹsẹ̀ rẹ̀, a tọ́jú wọn, a sì fi ìyókù sínú ike kan, a kọ ohun tó pa á sí i lára. Ojúgbà wa tó pè wá ní ọ̀lẹ ní ká fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ká kùn ún, ká gbé e sórí tábìlì. A kàn ń wò ó.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ká ta gbogbo rẹ̀, ká fi owó rẹ̀ ra ẹ̀rọ tó ń ju àwòrán sára ògiri fún ẹ̀ka wa: wọn kò fún wa pé ká tà á. Ó parí.

Ó wá ku àwọn tó ń béèrè pé kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú ọkọ̀ ojú irin. Ìbéèrè yìí ló yẹ kó dùn yín jù, torí ẹni tó ń bi í ti gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé oríkì, òwe àti ìtàn ìjàpá nìkan ni Yorùbá mọ̀ ọ́n sọ. Ta ló kọ́ wa ní iṣẹ́ tí a kà sókè yìí? Bàbá kan tó ń tún fáànù àti rédíò ṣe lẹ́bàá ọgbà ilé ìwé ni. Bàbá kò rí irú ọkọ̀ yìí rí. Nígbà tí a gbé àkọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n yí i po lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní, “Fáànù ni eléyìí, ẹ̀yin ọmọ yìí. Wọ́n kàn fi ẹsẹ̀ sí i ni.” Gbogbo ọ̀rọ̀ tí a nílò ló ti wà lẹ́nu wọn: kọ́ìlì ti jẹ iná, káábọ̀n ti jẹ tán, òòfà rẹ̀ ti rẹ̀, ó ń fà, ó ń gbọ̀n, lẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kò mú. Nígbà tí a ń da òróró sí i, Bàbá ní ká má fi òróró wẹ̀ ẹ́, ká kán an ni. Láti ọjọ́ náà, “kán” ni ọ̀rọ̀ wa.

Nínú ẹ̀ka wa, a ní ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, ó sì ṣe wá lóore púpọ̀ lórí gírámà àti lítíréṣọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ẹ̀rọ, a máa ń rí àwọn tó jókòó sínú ọ́fíìsì, tí wọ́n ń hun ọ̀rọ̀ gígùn jọ bí okùn, “ohun-èlò-amúǹkan-yí-pẹ̀lú-agbára-iná”, nígbà tí àwọn tó ń fi ọwọ́ kan nǹkan náà lójoojúmọ́ ti sọ ọ́ ní orúkọ láti ìgbà pípẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n. Àwọn Bàbá wọ̀nyí kò ní ìwé, àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn sì ń dín kù. A ń kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀. Ìwé kékeré kan ló ń jáde bọ̀ nínú rẹ̀: bí a ṣe ń tú, bí a ṣe ń fọ̀, bí a ṣe ń tò ó padà, ní Yorùbá tí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà ń sọ. Ó yẹ kí ẹni tó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ sọ ìwé tí òun náà ń kọ fún wa.

Ọ̀kan ṣì kù, ó sì dùn mọ́ wa ju gbogbo rẹ̀ lọ. Àṣìṣe kan wà nínú OO tó ti ń bí àwọn òyìnbó kan nínú láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Bí a bá fi ìwọ̀n dín ojú irin wọn kù bó ṣe yẹ, àlàfo àárín irin méjèèjì yẹ kó jẹ́ mìlímítà 18.83. Mìlímítà 16.5 ni wọ́n ṣe é. Ó há jù fún ọkọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ojú irin àtijọ́ tiwa, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ láti Èkó ní 1896, tí ọkọ̀ sì fi ń ná Ìbàdàn láti 1901, mìlímítà 1,067 péré ni àárín rẹ̀. Ẹ pín ìyẹn sí ọ̀nà 64. Ẹ ó rí 16.67. Kò sí ẹni tí ojú rẹ̀ lè rí ìyàtọ̀ yẹn! Àwọn ará New Zealand, tí ojú irin tiwọn náà jẹ́ 1,067, ti ń lo ọgbọ́n yìí. Ìyẹn ni pé ẹsẹ̀ àti mọ́tò Hornby tó há jù fún ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó bá ọkọ̀ Èkó sí Ìbàdàn mu rẹ́gí bí a bá kọ́ ara tuntun fún un ní ìwọ̀n 64.

Ara tuntun yẹn la fẹ́ kọ́. Nínú àwọn tí ẹ̀gbọ́n wa kó wá, ẹ́ńjìnnì kan wà tí ara rẹ̀ ti fọ́ yángá, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kù: kékeré 2 níwájú, ńlá 8 tó ń wakọ̀. Bí a bá fi kékeré 2 sí i lẹ́yìn, ìtò ẹsẹ̀ River class nìyẹn, àwọn ẹ́ńjìnnì eléédú tí rélùwéè Nàìjíríà rà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, tí wọ́n fi orúkọ odò sọ. Ó dára débi pé òun ni wọ́n wò ṣe class 29 ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Páńù tẹ́ẹ́rẹ́ la ó fi ṣe ara rẹ̀, a ó sì kùn ún. Bẹ́ẹ̀ ni, a ó kùn ún, torí àwa la ṣe é, kò sí ìka ẹlòmíràn lára rẹ̀ tí a ó bò mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó fẹ́ fi owó ọ̀dà ránṣẹ́, ibi tí a nílò rẹ̀ nìyẹn, a sì dúpẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ tún fẹ́ kó ẹrù wá: ẹ má nù ún, ẹ má dán an wò lórí iná kí ẹ tó kó o wá, ẹ má ju páálí rẹ̀ nù bó ti wù kó ya tó. Bí nǹkan kan bá já bọ́ lára rẹ̀, ẹ fi sínú ọ̀rá kékeré, ẹ so ó mọ́ ọn. Káábọ̀n tuntun ti X04 àti rọ́bà ẹsẹ̀ la nílò ju ẹ́ńjìnnì mìíràn lọ.

Ẹ̀yin tí bàbá tàbí bàbá àgbà yín sì ṣiṣẹ́ ní rélùwéè ní Ẹ̀búté Mẹ́ta tàbí Ìdó, ọ̀dọ̀ yín la ń bọ̀. Àwòrán River class tó wà lọ́wọ́ wa, aláwọ̀ dúdú òun funfun ni, irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kì í sì sọ àwọ̀ ọ̀dà. Ẹni tó ń fi àkísà nù ún láàárọ̀ kí ó tó gbéra ló lè sọ ọ́. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ṣì wà nílé yín, ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ bi wọ́n, kí ẹ sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́.